Ẹ Má Tíì Da Rìsíìtì Ìdámẹ́wàá Yín Nù

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára láti bí ọjọ́ mẹ́ta.

Ohùn kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp, bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin náà. Bọ̀dá kan tó máa ń bá àwọn ará wa ṣe ìwé owó orí ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní látìgbà tí òfin ti yí padà, rìsíìtì ìdámẹ́wàá ò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́ ní Amẹ́ríkà àfi olówó, ká kó gbogbo ẹ̀ sí pàǹtírí. Mo tiẹ̀ ń gbọ́ tí ẹnì kan ń ṣe "Àmín" lẹ́yìn wọn. Àmín kẹ̀?

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wá. Standard deduction, ìyẹn iye tí ìjọba àpapọ̀ ń yọ kúrò nínú owó tó wọlé fún èèyàn láìbéèrè rìsíìtì kankan, 6,350 dọ́là ni lọ́dún 2017 fún ẹni tí kò tíì ṣègbéyàwó. Lọ́dún 2018 wọ́n gbé e dé 12,000. Nígbà tó fi di 2024, ó ti tó 14,600. Ẹni tó bá fẹ́ itemize, tó fẹ́ máa ka ìtọrẹ àtàwọn ìnáwó ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ju iye yẹn lọ kó tó rí èrè kankan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò débẹ̀. Títí dé ibí yìí, bọ̀dá ò parọ́.

Ṣùgbọ́n ṣé ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ń gbowó orí lọ́wọ́ wa ni? Ìpínlẹ̀ náà ní ìwé tiẹ̀, ó ní òfin tiẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní California. Kò tíì lọ́kọ, kò ní ilé tiẹ̀, 80,000 dọ́là ló ń gbà lọ́dún. Lọ́dún 2024, ó fún ṣọ́ọ̀ṣì ní 8,000. Tí a bá ro owó orí ìpínlẹ̀ tó san mọ́ ọn, kò tó 14,600, nítorí náà standard ló tọ́ sí i lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá a ṣe ìwé wá mú standard fún un ní California náà, bí ẹni ń da ìwé kọ. Bẹ́ẹ̀ 5,540 péré ni standard California lọ́dún yẹn, California sì gbà kéèyàn itemize lọ́dọ̀ tiwọn kódà tí kò bá ṣe é lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. 2,460 dọ́là ló fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Owó orí tó sì san lórí ẹ̀ lé ní 200 dọ́là, fún ọdún kan ṣoṣo! Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún un.

California fún èèyàn ní ọdún mẹ́rin láti padà béèrè owó ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lẹ rò pé ó ń ṣe ní Sátidé tí mo pè é? Ó ti kó lẹ́tà ṣọ́ọ̀ṣì ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọ̀rá ìdọ̀tí, nítorí ohùn WhatsApp yẹn. Àwa méjèèjì jọ pariwo lórí fóònù.

Ẹ má sì sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì á tún òmíràn kọ. Ẹ̀bùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá tó 250 dọ́là, lẹ́tà ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó fi ìwé owó orí ránṣẹ́, kó sì sọ bóyá ẹ gba nǹkan kan padà. Èyí tẹ́ ẹ lọ tọrọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Tèmi ò tiẹ̀ jọ tiẹ̀ rárá, Pennsylvania ni mo wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá pẹ̀lú físà F-1, ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, 1040-NR ló sábà máa ń kọ, ọmọ Nàìjíríà kò sì ní standard deduction lórí ìwé yẹn. (Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ India ní in, torí pé ìjọba wọn bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn owó orí. Ìjọba tiwa ò bá wọn ṣe ìkankan. Ẹ jẹ́ n fi í síbẹ̀.) Ẹni tí mo sanwó fún lọ́dún kejì mi fi standard sí i fún mi lórí 1040. Mo dá owó padà tèlétèlé. Ẹ̀gàn tó wà níbẹ̀ ni pé 480 dọ́là tí mo fún ṣọ́ọ̀ṣì níbí, dọ́là àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ pàápàá ì bá ti wúlò fún mi lórí 1040-NR, kò sì kọ ọ́ síbẹ̀ rárá. Ti Pennsylvania ńkọ́? Wọn ò ka ìtọrẹ àánú sí rárá.

Ní Maryland, tẹ́ ẹ bá mú standard lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ẹ ò lè itemize lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹ̀yin ará ibẹ̀ ní láti ṣírò méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ tó yàn, torí èèyàn lè pàdánù díẹ̀ lókè kó jèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ nísàlẹ̀. Ẹ̀yin Texas, ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, ẹ ò ní owó orí ìpínlẹ̀.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ lọ kọ ohun tí kò sí o. Owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì ìlú yín ní Ìjẹ̀bú kò wọ ìwé Amẹ́ríkà. Owó ilé ìwé àbúrò kò wọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí kò ní ìwé àṣẹ afẹ́nifẹ́re lọ́dọ̀ IRS, kò wọ̀ ọ́. Owó aṣọ ẹbí ńkọ́? Ẹ dákun.

Láti owó orí ọdún 2026, ìjọba àpapọ̀ á jẹ́ kí ẹni tó mú standard tún yọ ìtọrẹ tó fowó ṣe, tó 1,000 dọ́là, 2,000 fún tọkọtaya tó jọ kọ ìwé. Ẹ ò rí i pé rìsíìtì tún ti ń wúlò lókè pàápàá? Kẹ́ ẹ má kàn gbà pé ìpínlẹ̀ yín á tẹ̀ lé e.

Bọ̀dá, tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ohùn mìíràn ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní California, ẹ yọ ìwé ìpínlẹ̀ yín jáde lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ deduction sí. Tó bá jẹ́ 5,540 lẹ rí lórí ti 2024, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ìdámẹ́wàá yín ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pè mí.