Nọ́ọ̀sì, kí ló jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ibà ni?

Ọmọ oṣù 10 ni ọmọ náà. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, èrò sì kún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí wọ́n pín wa sí n'Ibadan débi pé àwọn ìyá mìíràn jókòó sórí pèpéle níta. Ìyá ọmọ yìí ò wá gba abẹ́rẹ́ ní tiẹ̀. Ó ní láti ìjẹta lara ọmọ òun ti ń gbóná, ó ń wúkọ́, kò sì jẹun dáadáa. Mo fọwọ́ kan ọmọ lọ́rùn, ó gbóná janjan. Mo fa káàdì, mo kọ "malaria" sí i. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà, ọdún kẹta ni mo wà. Àǹtí nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó wa gba káàdì náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n wo ọmọ, wọ́n wò mí.

"Kí ló jẹ́ kó o mọ̀ pé ibà ni?"

"Ara ẹ̀ gbóná, mà."

"Ṣé ibà nìkan ló ń mú ara gbóná ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n ní kí ìyá gbé ọmọ sórí itan, kí ó rẹ̀ ẹ́ títí tó fi dákẹ́. Wọ́n gbé aṣọ rẹ̀ sókè, wọ́n ní kí n wo aago, kí n ka bí àyà ọmọ ṣe ń lọ sókè sódò fún odindi ìṣẹ́jú kan. Mo ka 62. Bí ọmọ oṣù 2 sí oṣù 12 bá mí tó ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú kan, mímí rẹ̀ ti yá jù. Fún ọmọ tó ti pé ọdún 1 àmọ́ tí kò tíì pé 5, 40 ni ẹ máa fi wọ̀n ọ́n. Àǹtí gún ọmọ níka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí kíìtì àyẹ̀wò ibà. Kò sí ibà níbẹ̀. Òtútù àyà ló ń bá ọmọ jà.

Bí Àǹtí ò bá sí ńkọ́? Oògùn ibà ni ìyá yẹn ì bá gbé lọ sílé. Ì bá lò ó fún ọmọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí òtútù àyà máa bá iṣẹ́ tiẹ̀ lọ. Ohun tí mi ò sọ fún Àǹtí lọ́jọ́ náà ni pé ó kéré tán, mo ti kọ malaria fún ọmọ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, láì ṣe àyẹ̀wò, láì ka mímí ẹnì kankan. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe wà lónìí. Ojú ń tì mí ni mi ò fi sọ ọ́.

Kì í ṣe pé olódo ni mí níléèwé o. Bí ẹ bá bi mí nínú ìdánwò pé kí ni àmì òtútù àyà, mà á kọ ọ́ kún ojú ìwé. Àmọ́ nínú ìdánwò, orúkọ àrùn ti wà nínú ìbéèrè. Aláìsàn kì í kọ orúkọ àrùn síwájú orí wá. Ara gbígbóná ló máa gbé wá, tàbí inú rírun, tàbí "Nọ́ọ̀sì, ó kàn ń rẹ̀ mí ṣáá ni." Ìwọ lo máa yan nínú gbogbo ohun tó lè fà á. Yíyàn yẹn gan-an ni wọn ò kọ́ wa tó.

Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn kan níbi tí mo wà: "Iṣẹ́ dókítà nìyẹn, kí ló kan nọ́ọ̀sì?" Ó dáa. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò yín láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ ní dókítà lẹ fẹ́ rí. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò lẹ máa bá. Òun ló ń pinnu. "Fún un ní parasítámọ̀, kó máa lọ," ìpinnu ni. "Ẹ gbé e lọ sí jẹ́nẹ́rà báyìí báyìí," ìpinnu ni. Bóyá wọ́n kọ́ ọ tàbí wọn ò kọ́ ọ, ó máa ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, ló gbé ètò ìlera alábọ́ọ́dé lárugẹ nílẹ̀ yìí, kí ìtọ́jú lè dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù níbi tó ń gbé. Ní Amẹ́ríkà, láti 1965 ni nọ́ọ̀sì kan, Loretta Ford, àti dókítà Henry Silver ti dá ètò sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado láti kọ́ nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń yẹ aláìsàn wò, tí wọ́n sì ń pinnu ìtọ́jú. Ibẹ̀ ni nurse practitioner ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì wa tó jápa ń san owó gidi láti kọ́ ọ lọ́hùn-ún. Ẹni tó kù sílé ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn lójoojúmọ́, tẹ́nikẹ́ni ò jókòó tì í kọ́ ọ.

Ohun tí Àǹtí kọ́ mi lọ́jọ́ náà ò ju ìbéèrè mẹ́rin lọ. Kí ló lè tètè pa ẹni yìí nínú ohun tó lè máa ṣe é? Kí ni mo lè wọ̀n, tí mo lè kà, tí mo lè yẹ̀ wò nísinsìnyí? Ṣé ó kọjá agbára wa níbí? Bó bá jẹ́ pé àṣìṣe ni mo ṣe, báwo ni màá ṣe tètè mọ̀? Wọ́n wò ó bóyá ọmọ lè mu ọmú, bóyá ó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, bóyá gìrì ti mú un, bóyá ó ń sùn láìṣe é jí. Ká ní ọ̀kan wà níbẹ̀, jẹ́nẹ́rà ni wọn ì bá gbé e lọ. Kò sí ìkankan, wọ́n fún un ní amoxicillin, wọ́n sọ fún ìyá pé kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bí ọmọ ò bá lè mu ọmú, tàbí mímí rẹ̀ tún le sí i, kó má dúró di ọjọ́ náà.

Ìwé kékeré kan wà lórí tábìlì Àǹtí tí wọ́n máa ń ṣí wò lójú aláìsàn. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín: "Nọ́ọ̀sì tó ń wòwé, ṣé ó mọṣẹ́ ṣá?" Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí ò wòwé rárá ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù.

Nítorí náà, ẹ̀yin iléèwé nọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé nítorí kí wọ́n lè buwọ́ lùwé fún wa nìkan la ṣe ń lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa sọ ìdí tó fi yan ohun tó yàn, kí ẹni tó jù ú lọ sì máa bi í léèrè. Ẹ̀yin ìjọba, láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ká máa ṣe àyẹ̀wò ká tó fún ènìyàn lóògùn ibà. Kíìtì ò gbọdọ̀ tán nílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tó ń ka èyí lórí fóònù, tí ẹ máa ń fi "malaria àti taifọ́ọ̀dù" dá ara yín lẹ́jọ́ kẹ́ ẹ tó délé ìwòsàn, ẹ yéé fi dandan gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ rọra bi wá: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀?" Nọ́ọ̀sì tó mọ ohun tó ń ṣe ò ní bínú.

Ìyá ọmọ yẹn padà wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un. Ọmọ ń fa ìwo etí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí na aago wọn sí mi, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo ka 38. Mo tún un kà.