Ẹ Má Jẹ́ Kí Túbà Parẹ́

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ afọnfèrè ṣọ́ọ̀ṣì wa ń sá fún túbà. Wọ́n ní ó ti wúwo jù, pé gìtá béèsì ti tó.

Ojú àwọn òyìnbó rí tó kí wọ́n tó rí ohùn ìsàlẹ̀ yìí. Fèrè onígi tí wọ́n fi awọ bò, tó lọ́ bí ejò, ni wọ́n kọ́kọ́ ń fọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Faransé. Ohùn rẹ̀ a máa yẹ̀. Ní 1817, Halary fi idẹ ṣe ophicleide ní Paris. Ní 1835, Wieprecht àti Moritz gbé túbà oní-fáàfù márùn-ún jáde ní Berlin. Nígbà tó wúwo fún ìrìn, wọ́n ṣe èyí tí à ń gbé kọ́ èjìká. Nígbà tó yá, wọ́n fi fáíbà ṣe òmíràn kó lè fúyẹ́.

Ṣé ẹ rí i? Bí ẹrù bá wúwo, òṣùká là ń wá, a kì í da ẹrù nù. Bí a bá ń sin òkú lọ sí itẹ́, ibo la ó ti rí iná fún gìtá? Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ ra èyí tó fúyẹ́, kí ọmọ méjì máa gbà á fún ara wọn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Afọntúbà tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta.