Ẹni tó l'ẹrù ni í kó o

Ẹ̀yin èèyàn wa l'Ọ̀wọ̀ àti Ifọ́n, ẹ gbọ́ ná. Wikipedia Yorùbá tẹ́ ẹ máa ń ṣí lórí fóònù, ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn tí wọn ò gba kọ́bọ̀ ló ṣe ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tó ń bá wọn tún àṣìṣe ibẹ̀ ṣe? Toolforge ni irinṣẹ́ wọ̀nyí ń gbé. Grid Engine ló ń pín iṣẹ́ fáwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti darúgbó. Ni wọ́n bá mú Kubernetes wọlé, èyí tí Google gbé jáde lọ́dún 2014. Èdè Gíríìkì ni, atukọ̀ ló túmọ̀ sí. Inú àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ niṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wà. Bí ọ̀kan bá kú, atukọ̀ á gbé òmíràn dìde.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé olóhun ló gbọ́dọ̀ kó ẹrù ẹ̀. Fún ọdún mélòó kan, méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó di oṣù Kẹta, ọdún 2024, wọ́n pa Grid pátápátá. Irinṣẹ́ tí olóhun ẹ̀ ò yọjú, ó dákẹ́ nìyẹn! Àmọ́ kóòdù wọn wà ní gbangba, ẹlòmíràn lè gbà á tọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Poli Rufus Giwa tẹ́ ẹ ń kọ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ rèé o! Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òyìnbó nìkan ni yóò máa tu ọkọ̀ táwa náà wọ̀.