Ẹ̀rọ Kúáńtọ̀mù Ńlá Nìkan Kò Tó, Ìmọ́lẹ̀ Ni Yóò So Wọ́n Pọ̀

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ọ̀rọ̀ àgbà yìí bá àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà kúáńtọ̀mù wí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ IBM gbé ẹ̀rọ Condor jáde, kúbíìtì 1,121 ló wà nínú rẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ṣùgbọ́n iye kúbíìtì inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo kọ́ ni yóò pinnu ibi tí iṣẹ́ yìí máa já sí. Bóyá àwọn ẹ̀rọ tó jìnnà síra lè ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan ni kókó ọ̀rọ̀.

Inú òtútù tó le ju ti òfurufú àárín ìràwọ̀ lọ ni irú kúbíìtì bẹ́ẹ̀ ń gbé, kí iná mànàmáná lè gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà. Wáyà kọ̀ọ̀kan tó wọ inú fíríìjì rẹ̀ ń gbé ooru wọlé, nítorí náà fíríìjì kan kò lè gba kúbíìtì tí kò lópin. Ìgbì máíkírówéèfù ni àwọn kúbíìtì náà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bí ìgbì yìí bá jáde sínú ooru yàrá lásán, ooru yóò bò ó mọ́lẹ̀ bí ariwo ọjà ṣe ń bo ohùn ọmọ ọwọ́. Kò sì ṣeé ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí òfin kúáńtọ̀mù kò gba ẹ̀dà.

Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú mú ọ̀nà náà tutù. Wọn kò parọ́: ní ETH Zurich, ọ̀pá olótùútù tó gùn ní mítà 30 ni wọ́n fi so kúbíìtì méjì pọ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tẹ́ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ láti ìlú dé ìlú?

Ìmọ́lẹ̀ ló yẹ iṣẹ́ náà. Okùn gíláàsì tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà ti wà nílẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá rin kìlómítà 15 nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì ń kù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé agbára hóró ìmọ́lẹ̀ kan ju ti máíkírówéèfù lọ ní ìlọ́po tó ju 10,000. Wọ́n nílò ògbufọ̀ tí yóò túmọ̀ èdè ọ̀kan sí èkejì láìsọ ọ̀rọ̀ nù, tí kò sì ní jẹ́ kí ooru ìmọ́lẹ̀ ba òtútù kúbíìtì jẹ́. Ní 2023 kan náà, ikọ̀ Johannes Fink ní Austria fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science pé ìsopọ̀ kúáńtọ̀mù láàrin máíkírówéèfù àti ìmọ́lẹ̀ ṣeé ṣe.

Ògbufọ̀ náà ṣì ń kólòlò. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àwọn ìjọba àti ilé-iṣẹ́ tó ń náwó sórí iye kúbíìtì náwó sórí rẹ̀ pẹ̀lú. Ilé tí kò lọ́nà, bó ti wù kó tóbi tó, ẹni inú rẹ̀ nìkan ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀.