A Kì Í Fi Iná Sórí Òrùlé Sùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Ínhélà àti Àìsàn Ásímà

Nínú gbogbo ohun tí Olódùmarè, Ẹlẹ́mìí, Ọba tí ó ni èémí wa, fi ta ọmọ ènìyàn lọ́rẹ, èémí ni a kì í kà kún títí di ọjọ́ tí ó bá há mọ́ ni láyà. Ẹni tí àìsàn ásímà bá sì ti kì mọ́lẹ̀ rí ní òru ọyẹ́, tí àyà rẹ̀ ń fọn fèrè, tí kò lè dùbúlẹ̀, tí kò sì lè sọ gbólóhùn kan dópin, òun ni ó lè sọ bí agolo kékeré tí à ń pè ní ínhélà ti níye lórí tó. Ohun tí ó ká mi lára ni pé púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú àwọn ínhélà wọ̀nyí, èyí tí ń mú ara tuni kíákíá, a sì kọ èyí tí ń gba ẹ̀mí là sílẹ̀.

Iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Èkíní ni amáratuni, tí oògùn salbutamol wà nínú rẹ̀, tí ó ti wà lọ́jà láti ọdún 1969, tí agolo rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù: nígbà tí àwọn iṣan tí ó yí ọ̀nà èémí ká bá fún pinpin, òun ni ó ń dẹ̀ wọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, agbára rẹ̀ a sì máa wà lára fún nǹkan bíi wákàtí 4 sí 6. Èkejì ni adènà, tí oògùn inú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà steroid, irú bíi beclometasone àti budesonide. Òun kì í tu ni lára lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń fà á lójoojúmọ́, bí ara tilẹ̀ dá ṣáṣá, òun ni ó ń mú kí inú ọ̀nà èémí tí ó wú lọ sílẹ̀. Òmíràn wà tí a po oògùn méjì pọ̀ sínú rẹ̀: èyí tí ó ní budesonide àti formoterol lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tí salmeterol wà nínú rẹ̀ kò ṣe é gbára lé nígbà tí èémí bá ń há lọ́wọ́. Nítorí náà, kí a má ṣe wo àwọ̀ agolo nìkan. Orúkọ oògùn ni kí a kà.

Wíwú inú ọ̀nà èémí ni iná, èémí líle ni èéfín rẹ̀. Ẹni tí ó ń fa amáratuni nìkan ń lé èéfín, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà sì ti wí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní ọdún 2019, GINA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí ń la ọ̀nà ìtọ́jú ásímà sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kéde pé kí àgbàlagbà àti ọ̀dọ́langba má ṣe lo salbutamol láìsí steroid mọ́; wọ́n sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń lo agolo 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún ń sún mọ́ ewu, àti pé ẹni tí ó bá ń lo 12 ń fi ikú ṣeré.

Bí a ṣe ń lò ó náà tún ṣe pàtàkì. Èyí tí a ń tẹ̀, kí a gbọ̀n ọ́n, kí a mí síta tán, kí a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan bí a ti ń fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sínú, kí a sì sé èémí títí a ó fi ka 10. Èyí tí ó jẹ́ ẹ̀tù, fífà kíkankíkan ni tirẹ̀. Ẹni tí ó bá lo steroid, kí ó fi omi yọ ẹnu, kí ó sì tu ú dànù. Ọmọdé nílò ike tí a ń fi sáàárín ẹnu àti ínhélà. Oníṣègùn kan, Heather Zar, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town sì fi hàn ní ọdún 1999 pé ike omi mímu oníwọ̀n 500 mililítà, tí a lu ihò sí nídìí tí ínhélà fi wọ̀ ọ́ ṣinṣin, ṣiṣẹ́ bí èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi.

Àìlówó ni òkè ńlá tí ó kù. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ GSK, tí ń ṣe Ventolin, ti kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé àwọn ń kó kúrò ní Nàìjíríà, owó ínhélà ti fò kọjá ọwọ́ mẹ̀kúnnù, ẹni tí owó rẹ̀ kò sì tó ra méjì, èyí tí ń tu ni lára lójú ẹsẹ̀ ni yóò rà. Nítorí náà ni mo fi ń ké sí àwọn ìjọba wa pé kí ètò ìlera adójútòfò san owó adènà, kí ó dé ilé ìwòsàn kéékèèké gbogbo. Kí apòògùn má sì gba owó ínhélà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìfi bí a ti ń lò ó hàn án. Ẹ̀yin tí àìsàn yìí ń bá jà, ẹ mú agolo yín jáde lónìí, kí ẹ ka ohun tí a kọ sí i lára. Bí ó bá jẹ́ salbutamol nìkan ni ẹ ní, ẹ tọ dókítà yín lọ kí ẹ sì béèrè adènà, nítorí ẹ̀tọ́ yín ni.