Kì í ṣe iléèwé ìjọba lẹ ń sá fún

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa lónìí. Kì í ṣe iléèwé ìjọba lẹ ń sá fún. Àwọn ọmọ tó wà nínú ẹ̀ lẹ ń sá fún. Okùn ọ̀rọ̀ yìí máa gùn o, ẹ wá nǹkan jẹ sẹ́nu.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní "rárá o, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni". Ó dáa. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé tí mo bá bi àwọn ẹgbẹ́ mi tó ti bímọ pé kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù gan-an, kò sẹ́ni tó máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ìṣirò? "Àwọn ọmọ ibẹ̀ ti bàjẹ́ jù." "Èébú ni wọ́n máa kọ́ ọmọ mi." "Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní kíláàsì." "Ọmọ mègádì ló máa jókòó tì." Ẹni tó sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn ò tijú rárá. Bàbá tiẹ̀ gan-an, awakọ̀ dánfó ni.

Mi ò sọ pé ẹ̀rù ò tọ́ sí yín o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó ẹ̀ ní ọmọbìnrin kan tó máa wọ púráímárì ní September. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí wọ́n sùn. Iléèwé aládàáni tí gbogbo àdúgbò ń pọ́n lé ń gba ₦185,000 ní táàmù kan, owó aṣọ, ìwé àti bọ́ọ̀sì ò sí nínú ẹ̀. Gbági ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ń ta aṣọ. Wọ́n ti yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi san ti ọmọ àkọ́kọ́, wọn ò tíì san án tán. Mo ní kí wọ́n lọ wo iléèwé ìjọba tó wà níwájú ilé wọn, tí ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ṣe ni wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n lọ gbé ọmọ jù sí kànga.

Ọdún méje ni wọ́n ti ń gbé iwájú iléèwé yẹn. Wọn ò wọ ọgbà ẹ̀ rí.

Èmi, iléèwé ìjọba ni mo lọ, púráímárì àti sẹ́kọ́ńdírì, ní Ìbàdàn. Àwa mẹ́ta la máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan: èmi, ọmọ Hausa kan láti Sábó tí bàbá ẹ̀ ń ta àlùbọ́sà, àti ọmọ Ìgbò kan tí tiwọn ń ta spare parts ní Gate. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka owó lédè Hausa kí n tó mọ times table tán. Tí ààwẹ̀ bá dé, kò sẹ́ni tó ní ká má jẹun níwájú ẹni tó ń gbààwẹ̀, àwa fúnra wa la máa ń gbé búrẹ́dì wa lọ sẹ́yìn kíláàsì. Ẹni tó ń gba ipò kìíní, ọmọ elépo ni, a ò sì rí i lé bá títí a fi jáde.

Ẹ ò ní gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi: a lé ní 70 ní kíláàsì yẹn. Òrùlé ń jò. Tíṣà kan wà tó jẹ́ pé recharge card ló ń tà, ẹ̀kọ́ kàn ń bá a lọ́nà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yunifásítì, mo rí àwọn tó gba A jọ ní WAEC tí wọn ò lè bá kọ̀ndọ́kítọ̀ sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù. Wọn ò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó rí láyé wọn. Ẹ̀yin lẹ fowó ra ìyẹn fún wọn.

Ẹ gbọ́ ìtàn díẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù January ọdún 1955 ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Western Region. Lọ́dún 1954, àwọn ọmọ tó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ò ju bíi 457,000 lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti lé ní 800,000. Ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ yẹn já bọ́ látọ̀run. Owó orí ni wọ́n fi kún, inú sì bí àwọn èèyàn gan-an. Nínú ìbò àpapọ̀ 1954, NCNC na Action Group mọ́ agbègbè ara ẹ̀. Awólọ́wọ̀ ò torí ẹ̀ dá a dúró. Lọ́dún 1979, Jákàńdè dé Èkó, ó kọ́ kíláàsì rẹpẹtẹ káwọn ọmọ kan yéé wá láàárọ̀ káwọn kan máa wá lọ́sàn-án. Àwọn tó rọ̀ ṣọ̀mù fi kíláàsì yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ilé adìyẹ ni. Àwọn ọmọ "ilé adìyẹ" yẹn ló wà nínú àwọn ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ lónìí.

Àwọn bàbá yín tó ń sọ pé "láyé tiwa, iléèwé ìjọba dáa", ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n jọ wà ní kíláàsì. Wọ́n á dárúkọ ọmọ dókítà, ọmọ tíṣà, ọmọ alágbàṣe, ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ. Nígbà tí SAP dé, tí owó oṣù tíṣà ń pẹ́, tí ìyanṣẹ́lódì ń dá ọmọ jókòó sílé, àwọn tó lówó ló kọ́kọ́ jáde. Àwọn tó ń díbọ́n pé àwọn lówó tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n ka iléèwé aládàáni ní ìpínlẹ̀ Èkó láàárín 2010 sí 2011, wọ́n lé ní 12,000.

Nígbà tẹ́ ẹ ń jáde lọ yẹn, ẹ kó ẹnu yín dání.

Tí fáànù kíláàsì bá bàjẹ́ ní iléèwé aládàáni, kó tó di aago méjì, àwọn ìyá ti dà á rú lórí WhatsApp, proprietress ti ń bẹ̀bẹ̀. Tí atẹ́gùn bá ká òrùlé iléèwé ìjọba, ìyá tó ń ta ata ló máa lọ bá kánsílọ̀. Ta ló máa dá a lóhùn? Ẹni tó mọ kánsílọ̀, tó mọ lẹ́tà kọ, tó lè gbé fídíò sórí Facebook títí gómìnà á fi rí i, ọmọ tiẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ẹ wo owó UBEC. Òfin UBE ọdún 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ owó sọ́tọ̀ fún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS. Kí ìpínlẹ̀ tó lè gba apá tó jọjú nínú ẹ̀, àfi kó gbé iye kan náà kalẹ̀. Ọdọọdún là ń gbọ́ pé ọ̀kẹ́ àìmọye bílíọ̀nù wà ní UBEC tí àwọn ìpínlẹ̀ ò wá gbà. Ta ló ń bi wọ́n léèrè? Òfin yẹn kan náà ló sọ pé ẹni tó bá gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ òbí níbẹ̀ ti ṣẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń gba owó àga, owó ìgbálẹ̀, owó ìdánwò. Tí agbẹjọ́rò mẹ́ta bá lọ́mọ ní iléèwé yẹn, mo fẹ́ mọ ẹni tó máa gba owó ìgbálẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ yín: "Ṣé ọmọ tèmi ni kí n wá fi tún Nàìjíríà ṣe?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Iléèwé ìjọba kan wà tí mi ò ní mú ọmọ ọ̀tá mi lọ. Tẹ́ ẹ bá lọ wò ó tó burú, ẹ yáa mú ọmọ yín lọ síbòmíì, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Àmọ́ ẹ lọ wò ó ná.

Kẹ́ ẹ sì wo ohun tẹ́ ẹ ń fowó rà dáadáa. Tíṣà ìjọba gbọ́dọ̀ ní NCE, ó kéré tán. Nínú àwọn iléèwé kéékèèké tó wà nínú flat oníyàrá mẹ́ta káàkiri àdúgbò wa, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán, tó ń dúró de JAMB, ló ń kọ́ ọmọ yín ní phonics. Ẹ rántí Ìta Fààjì ní Lagos Island, ọjọ́ 13 oṣù March 2019. Ilé tó wó yẹn, iléèwé aládàáni wà lókè ẹ̀, àwọn ọmọ sì wà ní kíláàsì. Ó kéré tán, èèyàn 20 ló kú. Àwọn òbí yẹn náà, ohun tó dáa ni wọ́n ń wá fọ́mọ wọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ọ̀dà tó ń dán ò gbé ilé ró.

Ti Yorùbá yìí ló ń bí mi nínú jù. ₦50 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ àǹtí mi nígbàkigbà tó bá sọ Yorùbá ní iléèwé ẹ̀, ìyá ẹ̀ sì ń san án tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ jọ̀ọ́, láti 1970 ni Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, tí wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀. Ó ti lé ní 50 ọdún o! Ẹ ṣì ń san ₦50.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ní òun máa yọjú síbẹ̀. (Ẹ̀gbọ́n mi ka ọ̀rọ̀ mi lórí WhatsApp, kò fèsì.) Ohun tí mo sọ fún un ni mò ń sọ fún yín. Ẹ lọ lọ́jọ́ Tuesday ní aago mẹ́wàá, ẹ má sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Tíṣà mélòó lẹ bá ní kíláàsì? Ẹ ní kí ọmọ kan fi nóòtì ẹ̀ hàn yín, ìgbà wo ni wọ́n mákì í kẹ́yìn? Ẹ wo ilé ìyàgbẹ́. Ẹ bi ọ̀gá iléèwé pé ìgbà wo ni SBMC ṣèpàdé kẹ́yìn. Tó bá ń wò yín bọ̀ọ̀, ó ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Kẹ́ ẹ má sì dá lọ. Ẹ wá ìdílé mẹ́rin sí márùn-ún ládùúgbò tí ẹ̀rù kan náà ń bà, kẹ́ ẹ jọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀gá iléèwé máa mọ̀ pé àwọn kan ti dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ iléèwé ìjọba, ẹ bọ́ síta. Ta lẹ jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, káwọn tó ń sá kà á.