Ohun Tí Ó Wà Lábẹ́ Gàárì

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún Iléyá tí ó kọjá, nígbà tí òórùn irun àgbò jíjó kò tíì tán lára ògiri ilé wa ní Awo, àbúrò mi kan tí ó fi ẹṣin ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, tí ó máa ń gbé e fún ọkọ ìyàwó, fún olóyè tuntun àti fún ẹnikẹ́ni tí ayẹyẹ rẹ̀ bá tó láti gun ẹṣin, fa ẹranko náà wá sí ẹ̀yìnkùlé mi, ó sì ní kí n gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Ọwọ́ mi kò tíì balẹ̀ tán tí awọ ara ẹṣin náà fi gbọ̀n rìrì bí ojú omi tí a sọ òkò sí, ó da etí méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ìrù na ara rẹ̀, ó sì yí orí padà bí ẹni tí ó fẹ́ gé mi jẹ. Ẹṣin tútù ni mo mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀. Àbúrò mi kì í sì í ṣe aláìláàánú, nítorí kò tíì pé oṣù méjì tí ó ra tìmùtìmù abẹ́ gàárì tuntun fún un, funfun báláú bí ẹ̀gbọ̀n òwú, èyí tí ẹni tí ó tà á fún un ní Èkó búra pé awọ àgùntàn òkè òkun pọ́ńbélé ni, tí ó sì gba owó awọ pọ́ńbélé lórí rẹ̀.

Ọ̀ràn tìmùtìmù yìí ni mo fẹ́ bá gbogbo ẹni tí ó ní ẹṣin ní ilẹ̀ Yorùbá sọ, nítorí mo ti wòye pé ojú wa mọ ohun tí ó wà lókè gàárì ju ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ti dé Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí ó wo bí àwọn ìdílé Balógun ti ń fi ẹṣin wọ Ojúde Ọba, tàbí tí ó ti dúró ní ọ̀nà ààfin Ìlọrin nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń kọjá, yóò jẹ́rìí pé kò sí àrán, kò sí sányán, kò sí idẹ wẹ́wẹ́ tí ń tàn yanran tí a kì í kó sí ẹranko náà lọ́rùn àti ní ìdí, tí àwọn ènìyàn yóò sì máa ki olówó rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ṣọ́ kọ́ ni ìtọ́jú. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé: ohun tí yóò ba ẹ̀yìn ẹṣin jẹ́ kì í ti òkèèrè wá, àárín gàárì àti awọ ara rẹ̀ gan-an ni ó máa ń sá pamọ́ sí, níbi tí ojú òǹwòran kò dé, tí ẹni tí ó gùn ún pàápàá kò sì lè rí nítorí pé òun ni ó jókòó lé e.

Àlejò olówó iyebíye ni ẹṣin láàárín wa. Àwọn baba wa ní Ọ̀yọ́-Ilé tí wọ́n fi ẹṣin jagun débi pé wọ́n gùn ún wọ Dàhọ̀mì ní 1726, ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè, Tápà, Ìbàrìbá àti Haúsá, ni wọ́n ti ń rà á, wọn kò sì lè sìn ín kí ó pọ̀ tó nílé, nítorí pé irù, eṣinṣin tí ń mu ẹ̀jẹ̀ tí ó sì ń fi àìsàn sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà, kì í jẹ́ kí ó pẹ́ láyé bí a bá ti ń sún mọ́ igbó. Nígbà tí Ìbàdàn tú ogun Ìlọrin ká ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, ní ìtòsí ibi tí mo jókòó sí kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ náà ni ògo àwọn ẹlẹ́ṣin wọmi ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí a ti ọ̀nà jíjìn fi owó gọbọi rà, tí ilẹ̀ wa kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbà, kíkẹ́ ni ó yẹ kí a máa kẹ́ ẹ.

Ẹṣin kò sì rí bákan náà. Òmíràn wà tí awọ rẹ̀ yi, tí a lè gbé ẹrù lé e lórí kí ó má mira. Òmíràn sì wà tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ewé àgbàdo tuntun, tí ó jẹ́ pé bí eṣinṣin kan ṣoṣo bà lé e, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò gbọ́. Irú èyí ni ti àbúrò mi. Fún irú ẹṣin bẹ́ẹ̀, awọ àgùntàn tí irun rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́ṣin òkè òkun ń tẹ́ sábẹ́ gàárì, èmi náà sì gbà pé kò sí ohun tí ó dára jù ú lọ, bí ó bá jẹ́ ojúlówó. Irun náà nà ró lórí awọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì lọ́ mọ́ra, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá tẹ̀ ẹ́ yóò rọ̀, bí a bá sì ṣíwọ́ yóò dìde. Atẹ́gùn ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ó sì lè fa omi tí ó tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ mu kí ọwọ́ má tíì mọ̀ pé ó tutù. Nítorí èyí kan náà ni wọ́n ṣe ń tẹ́ irú awọ yìí sábẹ́ aláìsàn tí kò lè dìde ní àwọn ilé ìwòsàn kan ní Ọsirélíà àti níbòmíràn, kí egbò ìdùbúlẹ̀ má baà jẹ ẹ́ nídìí.

Ṣùgbọ́n àgùntàn wo ni à ń wí? Kì í ṣe àgùntàn kúkúrú tí ń jẹ̀ kiri lẹ́yìn ilé wa, kì í ṣe Yankasa, kì í ṣe Uda, kì í ṣe àgbò Balami gbọ̀ngbọ̀nràn tí a ń rà láti òkè Ọya fún Iléyá. Irun ṣákálá bí ti ewúrẹ́ ni Ọlọ́run fi bo àwọn wọ̀nyí nítorí ooru ilẹ̀ wa. Àgùntàn ilẹ̀ òtútù, bíi Merino tí àwọn Òyìnbó kọ́kọ́ kó dé Ọsirélíà ní 1797, ni ó ní irun dídí tí mo ń ṣàpèjúwe yìí. Èdè wa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, irun, pe méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Àwa kì í kúkú tọ́jú awọ àgbò wa. Bí kò bá ṣe ìwọ̀nba tí àwọn àlùfáà ń tẹ́ jókòó, iná ni a fi ń sun irun rẹ̀, a ó sì sè é jẹ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fi ọwọ́ kan ojúlówó rí kí a tó lọ rà á, ẹni tí kò bá sì mọ ojúlówó, ayédèrú ni wọn yóò máa tà fún un. A kì í fi ojú olójú ṣòwò kí a jèrè.

Kí a lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni tìmùtìmù náà, mo mú àbúrò mi lọ sí Ẹdẹ Màpó Àrógun, ìlú Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná. Oníṣègùn ẹran ti fi oògùn sí ẹ̀yìn ẹṣin náà, kì í ṣe òun ni mo wá lọ. Bàbá onílù kan ni mo wá lọ, nítorí bí ìlú kan bá wà tí ó yẹ kí a ti mọ ìdájọ́ awọ, Ẹdẹ ni, níbi tí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó gorí oyè ní 1946, ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún lórí ìtẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Bàbá yìí ti fi ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún yan awọ ewúrẹ́ fún ìlù. Kò gun ẹṣin rí. Ó gba tìmùtìmù náà, kò tilẹ̀ wo iwájú rẹ̀, ó yí i padà, ó ní, “Ẹ̀yìn awọ ni kì í purọ́, ọmọ mi.” Ó fi ìka ya irun rẹ̀ sí méjì títí dé ìdí, ó sì pè wá pé kí a wá wò ó. Níbi tí ó yẹ kí a ti rí awọ tí irun ti inú rẹ̀ hù, okùn wẹ́wẹ́ tí a hun bí aṣọ ni a rí. Ó fa fọ́nrán bíi mẹ́wàá yọ, ó wé wọn pọ̀, ó sì ṣá iná sí i. Ó yọ́ bí àbẹ́là, ó kán tótó, ó sì di kóró dúdú tí èékánná kò ràn. Òórùn ọ̀rá jíjó ni ó gba iyàrá kan. “Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni,” ni ọ̀rọ̀ bàbá, “ṣé bí irun àgùntàn ti ń rùn nìyí?” Àbúrò mi kò lè dáhùn. Ọmọ Awo wo ni kò mọ òórùn irun àgùntàn tí ń jó, tí í kú fúnra rẹ̀ bí a bá gbé iná kúrò, tí eérú rẹ̀ sì máa ń rún mọ́ni lọ́wọ́? Ìmọ̀ tí ì bá gbà á lọ́wọ́ òfò wà nílé rẹ̀ láti kékeré, kò kàn rò ó rí pé ó wúlò fún nǹkan mìíràn ni.

Ọ̀rá tí wọ́n fi ṣe irun ayédèrú yìí kì í fa omi mu. Òógùn ẹṣin yóò dúró sábẹ́ rẹ̀, yóò gbóná, irun ayédèrú náà yóò sì tẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́yìn ìgùn mélòó kan, yóò lẹ̀ mọ́ra ní kókó kókó, àwọn kókó náà ni yóò sì máa ha ara ẹran tí ó ti rọ̀ nínú òógùn. Bí owó ẹni kò bá ká awọ gidi, kí ó wá aṣọ òwú dáadáa, kí ó rán an ní ìpele ìpele kí ó nípọn. Mo fi tọkàntọkàn sọ ọ́ pé ó sàn ju irun ayédèrú lọ lọ́nà gbogbo.

Bí ó bá sì jẹ́ awọ gidi, ìyẹn nìkan kò tó. Kí a fa irun rẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ń tú ní ìdìpọ̀, a kò ṣe awọ náà dáadáa. Kí a ká a mọ́ ọwọ́ ní ẹ̀yìn. Bí ó bá ń ró pàkà bí páálí, yóò ya láìpẹ́. Kí a wá ojú rírán rẹ̀ pẹ̀lú ìka, nítorí àwọn kan ń to àjákù awọ pọ̀, ojú rírán kọ̀ọ̀kan yóò sì gún ẹṣin bí okùn tí a gbàgbé sórí ẹní. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a wo àárín rẹ̀: ó gbọdọ̀ ní ihò gbọọrọ tí eegun ẹ̀yìn yóò gbà, kí ìwúwo ẹni tí ó gùn ún lè pín sí ẹran ọ̀tún àti òsì, kí ohunkóhun má sì tẹ orí eegun náà.

Mo ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bí gàárì bá ń dun ẹṣin, kí a kàn fi tìmùtìmù tí ó nípọn sí i. Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gàárì tí ó fún ẹṣin tẹ́lẹ̀, bí a bá fi awọ tí ó nípọn sí abẹ́ rẹ̀, yóò tún fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Lẹ́yìn ìgùn, kí a tú gàárì, kí a wo bí òógùn ti tàn ká. Bí ojú ibì kan bá gbẹ láàárín ibi tí ó tutù, kí a yẹ ibẹ̀ wò dáadáa, ó lè jẹ́ pé gàárì ti tẹ̀ ẹ́ jù.

Ìtọ́jú awọ náà kò le, sùúrù ni ó fẹ́. Omi tútù àti ọṣẹ jẹ́jẹ́ ni a fi ń fọ̀ ọ́, abẹ́ ìbòòji ni a sì ń sá a sí, nítorí oòrùn wa yóò sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di pákó. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, kí olúwarẹ̀ jókòó ní ìrọ̀lẹ́, kí ó máa yọ èèmọ́ kúrò nínú irun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèmọ́ kan ṣoṣo lábẹ́ gàárì tó láti sọ ẹṣin tútù di olóríkunkun, a ó sì máa nà án fún ohun tí kò lẹ́nu láti ṣàlàyé.

Ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ń fi owó rà ni láti ní kí òǹtajà fa fọ́nrán díẹ̀ yọ kí a ti iná bọ̀ ọ́ lójú ẹni. Òǹtajà tí ó bá kọ̀, kí a gbé owó wa kúrò níwájú rẹ̀. Mo sì ń bẹ àwọn àgbààgbà ìdílé tí ń kó ẹṣin jáde fún ọdún pé kí wọ́n yan ẹnì kan, ó kéré tán, tí yóò máa gbé gàárì kúrò kí ìwọ́de tó bẹ̀rẹ̀, tí yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀yìn ẹṣin kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì ní àṣẹ láti sọ pé, “Èyí kò ní jáde lónìí,” ẹni yòówù kí ó wọ àrán láti gùn ún.

Ẹṣin àbúrò mi ti sinmi fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti jinná, ó sì tún ti ń jẹ́ kí á gbé ọwọ́ lé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò kọ́kọ́ yí ojú wò wá. Lójú ibi tí tìmùtìmù náà ti ha á, ní ọ̀tún àti ní òsì eegun ẹ̀yìn, irun funfun ni ó hù padà sí ara rẹ̀ pupa fòò, ojú méjì tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ; oníṣègùn ẹran sì sọ fún wa pé funfun náà kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́.